Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Kì í Ṣe Ọjọ́ Ọ̀lẹ



Ẹni tí ó bá ń gbé ní Igbó Ẹfọ̀n mọ bí òwúrọ̀ ti ń rí níbẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti gba gbogbo àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ ti tò bí èèrùn lójú ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ń lọ sí Erékùṣù Victoria yóò ti ná apá kan nínú agbára rẹ̀ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Nígbà tí ó bá padà délé lóru, fóònù ni yóò gbé lé àyà títí oorun yóò fi gbé e lọ. Bí a bá bi í pé kí ni ó ṣe lónìí, yóò ní òun ṣiṣẹ́. Bí a bá bi í pé ìgbà wo ni ó sinmi, yóò ní òun wo fóònù díẹ̀. Lójú tèmi, kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì dójú àmì. Ẹni tí ó lé eku méjì ni. Òfo ni ó mú bọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nítorí pé àwa tí a ń pe ara wa ní Oníṣẹ̀ṣe kò sàn ju àwọn yòókù lọ nínú rẹ̀. N ó fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2023, ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, bọ́ sí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì kéde ọjọ́ kejì rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Inú gbogbo wa dùn dé ibi tí ó ń dùn dé. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wúre lọ́wọ́, èmi ń fi ìka dá àwọn ará ibi iṣẹ́ mi lóhùn lábẹ́ agbádá. Obì yàn, gbogbo ènìyàn hó yèè, èmi nìkan ni n kò mọ ohun tí obì fọ̀. Ó ń dùn mí títí di òní. Ìjọba fún mi ní ọjọ́ náà. Èmi ni n kò fún ara mi.

Ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn wo ohun tí àwọn baba wa ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń yí ìgbà po: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ọ̀rúnmìlà, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Wọ́n a máa ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ èyí tí yóò tún padà, ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ọrún-ọrún. Ọ̀rọ̀ náà, ọ̀sẹ̀, tí gbogbo ayé fi ń pe ọjọ́ méje lónìí, ọjọ́ ìsìn òrìṣà ni. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀, olùsìn a gbé ọkọ́ tàbí òwú sílẹ̀, a bu omi tútù, a mú obì, a sì lọ sí ojúbọ. Kì í lọ sùn níbẹ̀. Ó lọ béèrè bí iṣẹ́ òun ti rí, ohun tí ó yẹ kí òun dì mú, àti ohun tí ó yẹ kí òun jù sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ bí ó ti ń padà sí oko. Ìsinmi ní ààlà tirẹ̀, iṣẹ́ náà ní tirẹ̀, ọ̀kan kò sì jẹ ilẹ̀ èkejì.

Ìtàn kan wà nínú Ifá tí ó yẹ kí a máa rántí. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé, wọ́n sì ní láti yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Oríṣeékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja kánjú dé ibẹ̀. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì mú èyí tí ó wù wọ́n lójú. Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà dúró ní ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ, ó sì mú owó àti iyọ̀ dání lọ. Iyọ̀ àti owó náà ni ó bá a wá ojúure, tí a fi fi orí tí ó le hàn án. Nígbà tí òjò pa wọ́n lọ́nà, orí àwọn méjì tí ó kánjú yòrò. Ti Àfùwàpẹ́ dúró ṣinṣin dé ayé. Dídúró tí ó dúró kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò rárá. Òun ni iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìrìn àjò náà. Mélòó nínú wa ni ó béèrè lọ́wọ́ orí kí ó tó gba iṣẹ́ tí ó ń ṣe?

Eré náà ní ọgbọ́n nínú. Ẹ wo ọpọ́n ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pẹ ni yóò dà lójú àwọn òǹwòran. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń ta á nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀rín. Ara sinmi, ọkàn sì pé sójú kan. Eré orí fóònù a máa fọ́n ọkàn ká sí ọgọ́rùn-ún ibi. Ẹni tí ó ta ayò tán a dìde pẹ̀lú ara fífúyẹ́.

Orúkọ ibi tí a ń gbé gan-an ń bá wa wí. Ẹfọ̀n ni ẹranko Ọya, ìwo rẹ̀ sì wà nínú ohun tí a fi ń bọ Ọya. Lónìí, ilé alájà ni ó kún Igbó Ẹfọ̀n. Síbẹ̀, nítòsí wa, ní ibùdó ìdáàbòbò ẹ̀dá tí ó wà ní Lẹ́kí láti ọdún 1990, igbó kù sí orí ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 78. Ọ̀bọ ń fò lórí igi níbẹ̀, afárá tí wọ́n so rọ̀ sókè láàárín igi sì gùn tó mítà 401. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin afárá náà ya àwòrán ara rẹ̀, tí kò gbọ́ ohùn ẹyẹ kan ṣoṣo.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, “Onílé kì í gbọ́ ọjọ́ Jàkúta nígbà tí ó bá ń béèrè owó ilé.” Òótọ́ ni. Ẹni tí ó ń ru bíríkì, tí ó jẹ́ pé ohun tí ó bá rí lónìí ni yóò jẹ lónìí, kì í ṣe òun ni mo ń bá wí. Àwa tí a lè sinmi tí a kò sinmi ni mo ń bá wí, pàápàá jù lọ àwa tí a gba awakọ̀, ọlọ́dẹ àti ọmọ ọ̀dọ̀ síṣẹ́. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe bọ Ògún lọ́jọ́ Ògún, kí awakọ̀ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé irin Ògún ni ó ń darí láti òwúrọ̀ dé òru, máa tòògbé nínú ọkọ̀ níta? Orí ọlọ́dẹ náà kúnlẹ̀ yàn bí tiwa. Bí a bá gba ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀, ìwúre wa kò pé.

Àbá mi kò le. Kí olúkúlùkù mọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀. Bí kò bá rí gbogbo ọjọ́ náà gbà, kí ó gba ìdájí rẹ̀: omi tútù, obì, orí rẹ̀, kí fóònù wà ní yàrá kejì. Kí ó béèrè ohun kan ṣoṣo tí òun yóò ṣe parí lọ́jọ́ kejì, kí ó sì ṣe é parí. Kí a gbé ọpọ́n ayò padà sí àárín àwọn ọmọ wa. Kí ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ nílé sì yan ọjọ́ ìsinmi fún wọn kí ó tó yan tirẹ̀.

Ní ọdún tí ń bọ̀, bí obì bá yàn lójú mi, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ó fọ̀.

Kí orí wa má ṣe yòrò nínú òjò ayé. Àṣẹ. Ìṣẹ̀ṣe làgbà.