Ẹ Bi Àwọn Ológun Wa Léèrè

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdọọdún ni ìjọba máa ń gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn akọni tí wọ́n bógun lọ. Ohun tí ó tọ́ tí ó sì yẹ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bi àwọn tí ó bọ̀ láàyè léèrè ohun tí ojú wọn rí?

Ẹ wo Olóògbé Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Wọ́n kó o lọ sí Bọ́má pẹ̀lú ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Mùsùlùmí kan ará abúlé ibẹ̀, Shuyiman, ni ó ń bọ́ òun àti David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù kejìlá. Bí ọ̀tá bá gbọ́ ni, ẹ̀mí rẹ̀ ni ì bá lọ sí i.

Fadoyebo padà délé ní 1945, ó ń tiro. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó tọ́mọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1999. Nítorí ìwé yẹn ni lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ àwọn ọmọ Shuyiman ní 2011, ọdún kan kí ó tó kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò kọ nǹkan kan tí wọ́n fi wọlẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó ja ogun Bọ́má ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 ni ó kù, èwe inú wọn sì ti lé ní 70 ọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Àjọwá, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, à ń bẹ̀ yín: ẹ mú ìwé àti gègé, kí ẹ lọ jókòó ti bàbá ológun tí ó bá wà ládùúgbò yín. Ẹ má fi ipá béèrè, nítorí ogun a máa di ènìyàn lẹ́nu. Ẹ ní sùúrù, ẹ kọ èyí tí ó bá sọ.

Kí ìjọba náà jẹ́ kí owó ìfẹ̀yìntì tètè máa tẹ àwọn tí ó wà láàyè lọ́wọ́. Òdòdó kò ṣe é jẹ. Bí a bá gbàgbé ẹni tí ó jà fún wa lánàá, ta ni yóò gbà láti jà fún wa lọ́la?