Kẹ̀kẹ́ Márúwá Ọjọ́ Iwájú: Bàrígà Ni Ká Ti Yà Á

Láti ayé Buba Marwa, gómìnà ológun tó ṣàkóso Èkó láàárín 1996 sí 1999, ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gbé wa kiri, Íńdíà la sì ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wá. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú tí Bàrígà wà lọ́dún 2022, kẹ̀kẹ́ yìí ló wá di àgbẹ́kẹ̀lé mẹ̀kúnnù. Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Kò ní ilẹ̀kùn. Bí òjò bá dé, tapólì tí dírẹ́bà sọ kalẹ̀ kì í dá omi dúró, itan ẹni tó jókòó létí á sì tutù rinrin. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ooru rẹ̀ ń ta sí èrò mẹ́ta tó fún ara wọn pọ̀. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló kàn. Mo fara mọ́ ọn, nítorí láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni bẹntiróòlù ti kọjá agbára wa. Ṣùgbọ́n bátìrì tó ṣeé yọ pààrọ̀ kíá nìkan ló lè bá iná wa tó ń ṣe ségesège mu. Kẹ̀kẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ ló sì lè la àgbàrá Ìlàjẹ ní Bàrígà kọjá. Bàrígà ló yẹ ká ti ya irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Yunifásítì Èkó wà ní Akọka níbí. Jórinjórin, rìwáyà àti mẹkáníìkì kún Bàrígà. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ lọ bá àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì kẹ́ ẹ tó fa ìlà kankan sórí pépà. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fún wọn lówó àti ààyè iṣẹ́. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó sọ bí kẹ̀kẹ́ ọ̀la yóò ṣe rí.