ILÉ ÀGBÀ: Ẹ WO ILẸ̀ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

 

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìdájí la ń jáde, ilẹ̀ á ṣú ká tó wọlé, bẹ́ẹ̀ màmá tó bí wa ti darúgbó. Àwọn kan gba ọmọ ọ̀dọ̀ tì í. Àwọn kan ń rò ó láti gbé e lọ sí ilé àgbà, irú ti ìjọba ní Yábàá tàbí Regina Mundi ti àwọn Kátólíìkì ní Mushin. Àwọn kan ní ìtìjú ni. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ lẹjọ́. Ẹjọ́ ibẹ̀ ni pé, ibi yòówù kí màmá wà, kí ló lè gbé e ṣubú?

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé ìṣubú ń pa èèyàn bíi 684,000 lọ́dọọdún, àwọn tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún ló sì pọ̀ jù. Egungun àgbà ò lágbára mọ́. Bí ti ìbàdí bá kán, ó di Ìgbóbì nìyẹn, owó ọjà á sì bá a lọ. Bó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, egbò ẹ̀yìn àti òtútù àyà ló kù.

Ohun tó ń gbé wọn ṣubú ò pamọ́: táìsì tó tutù ní balùwẹ̀, etí kápẹ́ẹ̀tì tó ká sókè, sálúbàtà tó ti jẹ, NEPA tó múná lọ nígbà tí màmá fẹ́ lọ tọ̀ lóru, oògùn tó ń fa òòyì.

Irinṣẹ́ náà ń ṣèèyàn. Kẹ̀kẹ́ arọ tòkunbọ̀ tí búréèkì ẹ̀ ò mú, ọ̀pá tí rọ́bà ìdí ẹ̀ ti bọ́. Irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì pàápàá, orí àgbà lè há sáàárín òun àti fóòmù. Nílùú Ọba níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àjọ MHRA kéde ní 2023 pé ikú 18 ni wọ́n fi tó àwọn létí láti 2018 sí 2022, tó jẹ mọ́ bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú, irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ àti irú wọn. Bẹ́ẹ̀, òfin wọn ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀rọ tó ń gbé aláìsàn sókè wò lóṣù 6, 6. Ta ló ń yẹ tiwa wò?

Ọlọ́jà ni wá. Ta ló máa ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí kò ní wo ìsàlẹ̀ ẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà ara ògiri àti tẹlifíṣọ̀n tàn yín jẹ. Ẹ wọ balùwẹ̀ wọn. Ẹ di irin ìdìmú ibẹ̀ mú, ẹ fà á. Ẹ tẹ búréèkì kẹ̀kẹ́. Ẹ bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn lóru, ẹ bèèrè iye tó ṣubú lọ́dún yìí àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Bí wọ́n bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ kó owó yín padà sápò.

Nínú ilé tiwa, wẹ́dà ẹ̀bá títì lè ṣe irin ìdìmú sí balùwẹ̀. Ẹ ra iná alágbára bátìrì, ẹ pààrọ̀ rọ́bà ọ̀pá. Aṣọ ẹbí tí a ó rà lọ́jọ́ ìsìnkú màmá ju gbogbo ìyẹn lọ, a ò sì ní rojọ́ owó lọ́jọ́ náà!

Mo dá a lábàá fún ìpàdé wa: kí a yọ nínú owó àánú ẹgbẹ́ ṣe irin balùwẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà wa tí kò lágbára mọ́.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa là ń gbàdúrà ká dàgbà. Ilẹ̀ tí a bá tún ṣe fún màmá, àwa náà la ó rìn lórí ẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́