Òfò Yàtọ̀ sí Ọ̀fọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn wa nílùú yìí àti jákèjádò Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ tíṣà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé olúkúlùkù wa ni.

Àwọn ọmọ tí a bí síbí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́ Haúsá, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀ràn ni pé bí àdánù bá dé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń rò ó, wọ́n á wá máa yí i sí Yorùbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á dúró níwájú àgbàlagbà tí ìyá rẹ̀ kú, á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ìpàdánù yín.” Ẹ gbọ́ ná, ṣé fóònù ni wọ́n jí ni?

Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “lose”, tó ń ru gbogbo ẹrù náà. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ nù, “lose” ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fìdí rẹmi, “lose” ni. Bàbá ẹni kú, “lose” ni. Kódà bí ènìyàn bá rù, “lose” náà ni. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfò ni ti ọjà àti dúkìá, ọ̀fọ̀ ni ti ènìyàn. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra.

Òyìnbó tún ní ènìyàn lè sọ orí rẹ̀ nù, “lose his head”. Ohun tó ń wí kò ju pé ìbẹ̀rù tàbí ìbínú kò jẹ́ kó ronú mọ́. Orí dàrú là ń wí ní tiwa. Ẹni tó bá ní orí ọmọ ẹlòmíràn ti sọnù, ìjà ló ń wá, torí orí lọ́dọ̀ wa ju agbárí lọ. Òun ni ìpín tí ẹ̀dá yàn wá sáyé. Wọ́n ní ènìyàn lè sọ ojú nù, “lose face”. Àwọn Ṣáínà ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn Òyìnbó tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ní kí ènìyàn tẹ́, a sì ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èdè a máa yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní aṣọ tirẹ̀ nílé, kí ló ń yá t’ẹlòmíràn wọ̀ fún?

Ẹ wo èyí tí àwọn oníròyìn wa fẹ́ràn: “He met his Waterloo.” Waterloo ni wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1815. Ọmọ wa kà á níwèé. Ta ló sọ ti Jálumi fún un? Ọdún 1878 ni Ìbàdàn bá àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà nítòsí Ìkìrun. Àwọn tó ń sá já lu omi odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ sì bá omi lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Gbogbo wa la jọ ń ṣèpàdé kan náà níbí lónìí, a kò dá ìjà àná sílẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé àwa náà ní ìtàn tó bí ọ̀rọ̀.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti wàrà. Òyìnbó ní kí a má sunkún nítorí wàrà tó ti dànù. Ó dára fún ẹni tí owó rẹ̀ wọgbó. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ jòjòló kú o. Àwọn ìyá wa ti ní èyí tí wọ́n ń sọ: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọn kò ní kó má sunkún. Wọ́n gbà pé nǹkan dànù, wọ́n wá fi agbè hàn án, pé òun fúnra rẹ̀ ṣì wà, á tún pọn omi.

Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń fúnni níṣẹ́. A kò jiyàn. Kí ọmọ mọ “throw in the towel”, kó mọ̀ pé látinú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló ti wá. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé juwọ́ sílẹ̀ ni tiwa. Ọmọ yìí kan náà, bí aládùúgbò tó jẹ́ Haúsá bá ṣaláìsí, “Allah ya jikansa” á yọ lẹ́nu rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ ni. Ti ilé ni kò gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ òbí kì í mú ọmọ dání lọ sílé ọ̀fọ̀.

Àbá wa kò le. Ẹ mú ọmọ tó ti gbọ́njú dání bí ẹ bá ń lọ kẹ́dùn. Kó gbọ́ “ẹ kú ará fẹ́ra kù”. Bó bá jẹ́ arúgbó ló lọ, kó gbọ́ “ẹ̀yìn wọn á dára”. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, kó gbọ́ “Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́”. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù ará wa, kó mọ̀ pé “a dúpẹ́ tí ẹ̀mí kò bá a lọ” là ń wí.

Nílé, ẹbí ló ń yí ọlọ́fọ̀ ká. Níbí, àwa ni ẹbí ara wa. Bí ọ̀rọ̀ ìtùnú bá tán lẹ́nu àwọn ọmọ, ta ni yóò bá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ alẹ́?

Ọlọ́run á dáwọ́ òfò dúró, á dáwọ́ ọ̀fọ̀ dúró lórí gbogbo wa. Àmín.