Kí A Tó Da Òtápíápíá Lé Ajá Lára

Ní ilẹ̀ tiwa yìí, níbi tí Ìfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, àti Ìlobú, ìlú Erinlẹ̀ ọdẹ aperin tí ó di odò, gbé jẹ́ aládùúgbò ara wọn láti ayébáyé, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé ajá níyì. Nítorí pé ọdẹ tí kò ní ajá, ojú kan ni ó gbé wọ igbó, àgbẹ̀ tí kò sì ní i, ọ̀yà àti ọ̀bọ ni yóò bá a pín iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa kò ṣe àsọdùn nígbà tí wọ́n wí pé bí ajá bá ní ẹni lẹ́yìn, a pa ọ̀bọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ajá ni ń bẹ ní agboolé wa tí kì í ní ẹni lẹ́yìn mọ́ láti ọjọ́ tí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn.

Mo ń sọ ti ajá tí a ń rí lẹ́bàá ọjà àti lẹ́yìn ilé ìdáná, èyí tí irun ti re dànù ní etí àti ìgúnpá rẹ̀, tí awọ ikùn rẹ̀ ti pọ́n, tí kì í sùn lóru nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò sinmi ara híhọ, tí eyín kò sì kúrò ní ìdí ìrù. Àwọn ọmọdé a máa sọ ọ́ lókùúta. Àwọn àgbà a ní kúrúnà ti mú un, kí wọ́n lé e jìnnà. Ẹni tí ó ni ín, bí ó bá jẹ́ aláàánú, a tọ mẹkáníìkì lọ, a gba ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, a sì fi kùn ún láti orí dé ìrù. Ẹlòmíràn a ra òtápíápíá, a bù ú sínú omi, a sì fi wẹ̀ ẹ́. Àánú ajá ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì, n kò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ajá kò ní ọwọ́. Ahọ́n rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá fi pa á lára, kò ní pẹ́ tí yóò fi lá á wọ inú. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò tán kún fún èérí irin àti epo jíjóná, a máa bó awọ tí ó ti dá egbò tẹ́lẹ̀, a sì máa ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí kòkòrò bá tilẹ̀ kú nínú rẹ̀, ẹran tí a torí rẹ̀ pa kòkòrò náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Òtápíápíá ní tirẹ̀ kì í fi falẹ̀. Dichlorvos tí ó wà nínú irú èyí tí a mọ̀ sí Sniper ń gba awọ wọlé, ó ń gba imú wọlé, iṣan ni ó sì ń bá jà: itọ́ yóò máa dà lẹ́nu ajá, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, èémí yóò ṣòro fún un títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Oògùn tí àjọ NAFDAC torí ikú ènìyàn fòfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kékeré 100 mílílítà ní ọdún 2019, ṣé òun ni ó yẹ kí a máa fi wẹ ajá tí ọmọ wa ń bá ṣeré?

Èyí tí ó burú jù ni pé a ń pe ohun gbogbo tí ń yún ajá ní kúrúnà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀kan. Kúrúnà gan-an ni ti kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí ń gbẹ́ ihò sínú awọ láti yé ẹyin sí. Etí àti ìgúnpá ni ó fẹ́ràn, ó ń ràn láti ara ajá kan dé ara èkejì, ó sì lè yún ènìyàn tí ó gbé ajá náà mọ́ra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ lára wa bí a bá ti wo ajá sàn. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ọmọ ajá ń gbà láti ara ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá ń mu ọmú, tí kì í ràn wá, tí ó sì jẹ́ pé àìrí-oúnjẹ-gidi-jẹ àti àárẹ̀ ara ni ó sábà máa ń fún un láyè láti gbilẹ̀. Làpálàpá wà pẹ̀lú, tí ń gé irun ní róbótó. Àwọn ajá mìíràn sì wà tí ara wọn kọ itọ́ kòkòrò tí ń fò nínú irun, ìyẹn ìbátan jìgá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá bù wọ́n jẹ, wọn yóò họ ara fún ọjọ́ púpọ̀. Ìdí ìrù wọn ni a ó ti dá wọn mọ̀.

Ti eégbọn ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí abo eégbọn bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, kì í dúró lára ajá. A já bọ́, a gun ògiri, a wọ inú ibi tí ó ti là, níbẹ̀ ni yóò sì ti yé ẹyin tí ó lè tó 4,000 kí ó tó kú. Àwọn tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin náà lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹ láìmu, kí wọ́n máa retí ajá tí yóò kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ń ṣa eégbọn lára ajá, ṣùgbọ́n tí kò wo ẹsẹ̀ ògiri, tí kò sun àpò ògbólógbòó tí ajá ń sùn lé, tí kò fi sìmẹ́ńtì dí ojú ibi tí ògiri ti là, òun ni àwọn àgbà ń bá wí pé bí iná kò bá tán ní aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Yíyún nìkan kọ́ ni eégbọn sì ń fà. A máa gbé àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, tí ibà yóò mú un, tí èrìgì rẹ̀ yóò funfun, tí oúnjẹ kò ní wù ú mọ́.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà wa kò mọ nǹkan kan. Imí ọjọ́ tí wọ́n ń pò mọ́ àdín fún kúrúnà, oògùn kòkòrò awọ ni lóòótọ́, àwọn dókítà ẹran ní òkè òkun ṣì ń lo irú rẹ̀ títí di òní olónìí. Ní ìgbà tiwa, ivermectin ni ó gbajúmọ̀ jù, oògùn tí William Campbell àti Satoshi Omura tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015, òun kan náà tí a sì ń pín fún ènìyàn láti dènà ìfọ́jú tí kantíkantí etí odò ń fà. Síbẹ̀, èyí tí a pò fún abẹ́rẹ́ màlúù le ju ohun tí a lè fi ojú díwọ̀n fún ajá lọ, irú àwọn ajá òyìnbó kan bíi Collie sì wà tí ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà á bí ó bá pọ̀. Ẹyin kòkòrò kì í sì í kú sí oògùn àkọ́kọ́. Bí a kò bá tún un lò ní ìgbà tí dókítà dá, ajá tí a rò pé ó ti sàn yóò tún padà sí ara híhọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ àwọn Ìjọba Ìbílẹ̀ Orolu àti Ìrẹ́pọ̀dùn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn dìgbòlugi, tí àwọn dókítà ẹran sì máa ń jáde ní ibi púpọ̀ láti gún ajá ní abẹ́rẹ́. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá ní Ìfọ́n àti Ìlobú. Kí wọ́n mú dókítà wá sí ẹ̀bá ọjà, kí ó gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó sì yẹ awọ rẹ̀ wò lójú kan náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní owó ọkọ̀ tí a ó fi gbé ajá lọ sí Òṣogbo, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ilé ìwòsàn ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí yóò bá mú ajá tirẹ̀ wá, kí ó fi okùn dè é, kí ó má ṣe wẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí dókítà lè rí awọ bí ó ti rí, kí ó sì sọ gbogbo ohun tí ó ti fi pa á lára tẹ́lẹ̀ láìfi ọ̀kankan pamọ́, ìbáà ṣe ọ́ìlì, ìbáà ṣe òtápíápíá.