Ọmú Wo Ni Òkété Yóò Mu?

Nígbàkúùgbà tí a bá dá a lábàá pé kí ìjọba máa san owó oṣooṣù fún àwọn arúgbó tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, àwọn tí àwọn baba wa máa ń sọ pé wọ́n ń ṣarán, òwe kan ṣoṣo ni àwọn alátakò ń fà yọ, tí wọn a sì fi dé ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ọmọrí dé ìkòkò: wọn a ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi kò bá òwe jà, nítorí pé àwọn tí ó pa á kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n mo ń bi ẹ̀yin tí ẹ fi í ṣe asà fún ìjọba léèrè pé, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kò rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ, ọmú wo ni ó ní tí ìyá rẹ̀ yóò mu?

Mo mọ ìyá kan ní Abẹ́òkúta, tí ó ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, tí kò sí gbèsè oníbàárà tí kò mọ̀ lórí láìkọ ọ́ sínú ìwé, lónìí, ọmọ tí ó bí nínú ara rẹ̀ ni ó ń bi pé, "Ìwọ ta ni?" Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, nítorí pé bí ó bá fi lè yíjú sẹ́yìn, ìyá a ti bọ́ sí títì, a máa wá ilé bàbá rẹ̀ tí ó ti wó láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ní í wẹ̀ ẹ́, òun ní í fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, òun ní í fọ aṣọ tí ó tọ̀ sí, tí ó sì ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń fi owó ránṣẹ́ bí wọ́n bá rí. Wọn kì í sábà rí. Ní àdúgbò, àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àjẹ́ ni ìyá ń jẹ́wọ́. Ẹni méjì ni àrùn yìí ti sọ di aláìní nínú ilé kan, kò sì sí kọ́bọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá bá ẹnì kankan nínú wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó ìfẹ̀yìntì wà, kí ó sọ fún mi iye àgbẹ̀ kòkó, iye aláró àti iye alájàpá tí ń gbà á. Àwọn tí ó sì ṣiṣẹ́ ọba pàápàá, ẹ wo bí a ti ń ṣe wọ́n: ọkùnrin tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ni a ń ní kí ó wá tò sórí ìlà nínú oòrùn kí ó lè fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Ìwà ìkà ni, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn arúgbó tí ó ti pé ẹni ọdún 65 tí wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ìjọba yí padà, owó sì dáwọ́ dúró, bí ẹni pé ebi náà ti bá gómìnà lọ. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: ẹni tí ó bá rò pé òyìnbó nìkan ni irú èyí ṣeé ṣe fún, kí ó yà sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí arúgbó tálákà tí ó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún ti ń gba owó ìjọba, tí a sì tún ń fi owó mìíràn lé e bí ó bá nílò ẹni tí yóò máa dúró tì í ní gbogbo ìgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Arúgbó tí a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú tọ̀sán tòru lè gba 110.40 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ ní 2025, láìbéèrè bí ó ti lówó tó. Àwọn ọmọbìnrin wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń wẹ ìyá onílé, tí wọ́n ń gbowó iṣẹ́ lórí rẹ̀, nígbà tí àbúrò wọn nílé ń wẹ ìyá tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, tí ebi sì ń pa á.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Ní 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn arúgbó àdúgbò Ìdíkàn, tí àwọn arúgbó náà sì ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n jókòó dáhùn ìbéèrè, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2001 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: nínú ẹgbẹ̀rún arúgbó tí ó ti tó ẹni ọdún 65, àwọn tí àrùn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn kò ju bíi 14 lọ, ó sì lé ní 32 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Gbogbo ayé ti fi iṣẹ́ yìí kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe àwáwí pé ó kéré lọ́dọ̀ wa. Ẹni mẹ́rìnlá náà ní ilé, wọ́n ní ọmọ, àìsàn tiwọn kò sì fúyẹ́ ju ti ará Amẹ́ríkà lọ.

Àwọn kan yóò ní àwọn òṣìṣẹ́ yóò jí owó náà. A kò torí olè dáwọ́ owó oṣù àwọn aṣòfin dúró rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, ẹ ṣe é lófin, kí ó má jẹ́ ojú àánú gómìnà kankan. Òfin àpapọ̀ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 nítorí àwọn abirùn ti ka àìlera ọpọlọ tí ó pẹ́ lára mọ́ ohun tí í sọ ènìyàn di abirùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí dókítà kọ̀wé, kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ bá arúgbó nílé rẹ̀, kí a san tirẹ̀ fún un, kí a sì san ti ẹni tí ó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì nítorí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí mo sọ yẹn ṣì wà ní títì títí di òní.