Ẹ Má Ju Irúgbìn Àtijọ́ Nù

Bí omi bá bo oko ìrẹsì mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ìrẹsì náà a máa kú. Ìdí ni pé ó ń na ara rẹ̀ sókè láti wá afẹ́fẹ́, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Ṣùgbọ́n ní Odisha, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, irúgbìn àtijọ́ kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi bá bò ó, á dákẹ́, á tọ́jú agbára rẹ̀. Bí omi bá fà, á tún máa dàgbà. Ó lè wà lábẹ́ omi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kéde àbùdá àjogúnbá tí ó fún un ní ọgbọ́n yìí. Sub1A ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n sì ti mú un wọ inú ìrẹsì tí ó ń so dáradára.

Irúgbìn àtijọ́ náà kì í so púpọ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ti jù ú nù nítorí èyí, kí ni àwọn onímọ̀ ìbá rí?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ etí odò Ouémé, ẹ gba irúgbìn tuntun, ṣùgbọ́n ẹ pa ti àtijọ́ mọ́. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nísinsìnyí. Ẹ ti mọ ìwé kọ: ẹ kọ orúkọ irúgbìn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ohun tí ó lè fara dà.